Tápẹ́ẹ̀tì Pẹlẹbẹ Tàbí Onírólà: Kí Ni Owó Náà Ń Rà?

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ wa láti Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àbúrò wa obìnrin kan ni ó kọ ọ́. Ó ní ọkọ òun ra ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1978, pé ẹ́ńjìnnì 350 ni ó wà nínú rẹ̀, àti pé ó ti tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ pátápátá láti tún un tò. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kó owó iṣẹ́ náà jọ sí ojú kan. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí ọ̀rọ̀ fi kan kámúṣáàfù. Ọkọ fẹ́ èyí tí ó ń lo tápẹ́ẹ̀tì onírólà. Ìyàwó rí iye owó rẹ̀, ó figbe ta. Nínú ìṣirò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, kámúṣáàfù pẹ̀lú tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ yóò ná wọn ní 280 dọ́là. Ti onírólà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ń bá a rìn, yóò ná wọn ní 1,250 dọ́là. Ìbéèrè àbúrò wa kò gùn rárá: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni 970 dọ́là yẹn ń rà fún wa gan-an?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó ti tún ẹ́ńjìnnì tò láìbi ara wọn ní irú rẹ̀ rí. Ohun tí ọ̀rẹ́ wọn rà ni àwọn náà rà. Ẹ jẹ́ kí á fi sùúrù dáhùn rẹ̀, nítorí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Iṣẹ́ tí kámúṣáàfù ń ṣe

Kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ àti epo gbọ́dọ̀ wọlé, èéfín sì gbọ́dọ̀ jáde, ní àkókò tí ó yẹ gẹ́lẹ́. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà. Kámúṣáàfù ni ọ̀pá irin gígùn tí ó ń pàṣẹ fún àwọn ilẹ̀kùn náà pé kí wọ́n ṣí. Àwọn gegele kéékèèké yọ lára rẹ̀, ọ̀kan fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì 350 ní sílíńdà 8 àti fáàfù 16, nítorí náà gegele 16 ni ó wà lára ọ̀pá náà. Bí ọ̀pá náà ti ń yí, gegele yóò gbé tápẹ́ẹ̀tì sókè, tápẹ́ẹ̀tì yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò ti rọ́kà, rọ́kà yóò sì tẹ fáàfù kí ó ṣí. Sípíríǹgì líle ni ó ń dá fáàfù padà sí àyè rẹ̀. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù yóò yí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí bàbá yín lo Peugeot 504, tàbí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, kò yẹ kí ẹ ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ tápẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì yóò ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, yóò ki irin tín-ínrín bọ àárín rọ́kà àti fáàfù láti wọn àlàfo rẹ̀, yóò sì sọ pé òun ń sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó. Tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ni àwọn méjèèjì ń lò. Irú rẹ̀ náà ni ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì Chevrolet tí à ń sọ yìí lò láti ìgbà tí ó ti jáde fún ọdún 1955. Ẹ má ṣe ka pẹlẹbẹ sí ohun yẹpẹrẹ. Ó ti ru ẹrù bàbá wa, ó sì rù ú dáadáa.

Ẹ̀mí tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ wà nínú yíyí

Orúkọ rẹ̀ ń tàn wá díẹ̀. Ìsàlẹ̀ tápẹ́ẹ̀tì yìí kò tẹ́ pátápátá. Ó wú díẹ̀ ní àárín, ìwọ̀nba tí ojú lásán kò lè rí. Gegele tí ó jókòó lé pẹ̀lú dagun díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Nítorí èyí, bí gegele ti ń gbé tápẹ́ẹ̀tì sókè ni ó tún ń yí i nínú ihò rẹ̀. Yíyí yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń yí, ìyà kò ní máa jẹ ojú kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ tí kò bá yí mọ́, gegele yóò máa ha ojú kan náà láìsinmi, tápẹ́ẹ̀tì yóò jẹ wọnú, gegele fúnra rẹ̀ yóò sì fá bí ọṣẹ.

Ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́. Irin méjèèjì jẹ́ tuntun, wọn kò tíì mọ ara wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ara ra ara títí ojú wọn yóò fi bára mu. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, kámúṣáàfù ń yí ní ìgbà 1,000. Ní ìṣẹ́jú 20, gegele kọ̀ọ̀kan yóò ti gbé tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ìgbà 20,000. Láàárín àkókò kúkúrú yẹn ni a ó ti mọ̀ bóyá wọn yóò jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí wọn yóò tú ká kí oṣù tó parí.

Ìdí nìyí tí a kì í fi jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa rọra mí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì tí kíráńkì ń ta sókè bí ó ti ń yí ni olórí ohun tí ó ń rin gegele. Bí kíráńkì bá ń rọra yí, ọ́ìlì kò ní ta dé ibẹ̀ tó. Ìwọ̀n 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ni a ń fẹ́ láti ìgbà tí ó bá ti jí, kí á sì máa gbé e sókè, kí á máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín méjèèjì, fún ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tún wá mú kí nǹkan le sí i. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní ZDDP, tí ó ní zinc àti phosphorus nínú. Ó ń fi awọ tín-ínrín bo irin, kí irin má baà fi ìhòòhò pàdé irin. Ohun tí tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ nílò gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n phosphorus máa ń ba kátálísì tí ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà jẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dín in kù. Nígbà tí àjọ American Petroleum Institute gbé ìlànà SM jáde ní ọdún 2004, wọ́n fi òdiwọ̀n phosphorus nínú àwọn ọ́ìlì fífúyẹ́ bíi 5W-30 sí ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ 0.10 tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kò ṣe ọkọ̀ òde òní ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì pẹlẹbẹ kò lè kàn sáré wọ ilé ìtajà kí ó gbé gálọ́ọ̀nù tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Ó gbọ́dọ̀ wá ọ́ìlì tí wọ́n pò fún irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó sì máa ra á níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò

Wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo ra kámúṣáàfù pẹlẹbẹ tuntun, mo fi gírísì dúdú tí ó yẹ kun gbogbo gegele rẹ̀, mo rò pé mo ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n n kò bu epo sínú kabúrétọ̀ ṣáájú. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò jí. Mo tún yí i, kò jí. Mo ń yí i ṣáá, n kò mọ̀ pé gírísì tí mo fi kun gegele ni mo ń nù kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó wá jí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ìdí rẹdiétọ̀. Mo ṣẹ́sẹ̀ kúrò lórí irin, mo jẹ́ kí ó máa rọra mí, mo lọ bẹ̀rẹ̀ láti wo omi.

Kò pé ìdajì wákàtí tí mo fi gbọ́ ọ: tẹ́kẹ́, tẹ́kẹ́, tẹ́kẹ́. Nígbà tí mo ṣí i, gegele méjì ti fá. Ẹ̀bù irin ti bá ọ́ìlì rìn, ó ti ha bẹ́ríǹgì kíráńkì. Mo tú gbogbo ẹ́ńjìnnì padà, mo fọ gbogbo ihò ọ́ìlì rẹ̀, mo ra bẹ́ríǹgì àti pọ́ǹpù ọ́ìlì tuntun, lẹ́yìn náà ni mo tó padà sí orí kámúṣáàfù tí mo rò pé mo rà ní pọ́ọ́kú. N kò rí ẹnì kankan dá lẹ́bi bí kò ṣe ara mi.

Ohun tí rólà mú wá

Tápẹ́ẹ̀tì onírólà ní kẹ̀kẹ́ irin kékeré ní ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì jókòó lórí àwọn abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n jẹ́ bẹ́ríǹgì rẹ̀. Bí táyà ti ń yí lórí títì ni ó ń yí lórí gegele. Híha ti kúrò níbẹ̀. Kámúṣáàfù rẹ̀ kò nílò ìṣẹ́jú 20 eléwu yẹn, ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni lè rà lónìí sì tó o. Ríǹgì písítìnnì ṣì nílò kí ẹ rọra wa ọkọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú òjijì.

Ó tún ní èrè mìíràn. Ìbú tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ti Chevrolet yìí jẹ́ 0.842 íǹṣì. Ìbú yẹn ni ó ń sọ bí gegele ṣe lè yára gòkè tó, nítorí bí ó bá le jù, etí tápẹ́ẹ̀tì ni yóò máa gbẹ́ gegele. Rólà kò ní ìdènà yẹn. Gegele rẹ̀ lè tètè ṣí fáàfù, kí ó jẹ́ kí ó wà ní ṣíṣí dáadáa, kí ó sì tètè tì í. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i yóò wọlé láìjẹ́ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ó bá dúró ní ibi iná ojú pópó. Ní tòótọ́, agbára wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé ẹbí lọ ọjà, n kò ní sọ pé kí ẹ torí agbára nìkan ná 970 dọ́là.

Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé kò dá wọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ gegele nígbà gbogbo. Bí tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ti nílò yíyí nínú ihò rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yíyí jẹ́ èèwọ̀ fún ti onírólà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi irin so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. Èkejì, tápẹ́ẹ̀tì náà ga ju ti pẹlẹbẹ lọ, nítorí náà ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ti rọ́kà gbọ́dọ̀ kúrú sí i. Ẹ̀kẹta, sípíríǹgì fáàfù gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹ̀kẹrin, dídagun gegele pẹlẹbẹ máa ń ti kámúṣáàfù sẹ́yìn kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Gegele onírólà kò dagun, ọ̀pá náà lè máa rìn síwájú, nítorí náà a ó fi bọ́tìnnì kan dá a dúró ní iwájú. Ẹ̀karùn-ún, bí ọ̀pá náà bá jẹ́ irin líle tí a gbẹ́, ó lè jẹ jíà dísítíríbútọ̀ tí kò bá a mu run. Ẹ ó wá jíà tí ó bá irin náà ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá ra kámúṣáàfù àti tápẹ́ẹ̀tì nìkan, tí ó gbàgbé àwọn yòókù, kò tíì ra nǹkan kan.

Rólà pẹ̀lú kì í ṣe àìkú. Àwọn abẹ́rẹ́ bẹ́ríǹgì rẹ̀ lè fọ́, bí wọ́n bá sì fọ́, ibi tí wọ́n ń fọ́n ká sí kì í dára. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí a kò fi sáré ìje, tí sípíríǹgì rẹ̀ wà ní ìwọ̀n, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì mọ́, ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ford fi rólà sínú ẹ́ńjìnnì V8 ti Mustang ní ọdún 1985. Chevrolet fi sínú ẹ̀yà 350 ti àwọn ọkọ̀ kéékèèké rẹ̀ ní ọdún 1987. Corolla tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8, tí ó jáde fún ọdún 2009, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń wà, rólà wà lára àwọn rọ́kà rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ rí i rí.

Ọ̀nà kẹta

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lẹ́tà àbúrò wa dárúkọ ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n ìkẹta wà tí ọkọ rẹ̀ lè má tíì rò ó. Kàkà kí ẹ fi agbára mú ẹ́ńjìnnì 1978 lo rólà, ẹ lè wá búlọ́ọ̀kù tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe fún rólà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀lé ti 1987, ṣùgbọ́n láti ọdún 1996, ẹ́ńjìnnì 5.7 tí wọ́n ń pè ní Vortec ti ní rólà nínú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n ní ọgbà tí wọ́n ń kó àlòkù ọkọ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Ihò tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga, irin tí ń di tápẹ́ẹ̀tì mú ní àyè tirẹ̀, irin tí ń dá kámúṣáàfù dúró ní iwájú sì wà níbẹ̀.

Àǹfààní ńlá kan tún wà ńbẹ̀: tápẹ́ẹ̀tì onírólà tí ó ti ṣiṣẹ́ rí, bí ara rẹ̀ bá dá, lè bá kámúṣáàfù tuntun ṣiṣẹ́. Ti pẹlẹbẹ, èèwọ̀ ni. Tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí ó ti bá gegele kan gbé kò gbọ́dọ̀ lọ bá òmíràn. Bí ẹ bá tilẹ̀ tú wọn láti fọ̀ wọ́n, kálukú gbọ́dọ̀ padà sí ihò tirẹ̀.

Ẹ mọ àwọn ohun tí yóò yàtọ̀ kí ẹ tó sanwó. Láti ọdún 1986 ni sílì ẹ̀yìn kíráńkì ti yí padà sí ẹyọ kan, nítorí náà páálí irin ńlá tí ó wà lẹ́yìn kíráńkì ti àtijọ́ kò ní bá a mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn búlọ́ọ̀kù Vortec kò ní àyè fún pọ́ǹpù epo tí ẹ́ńjìnnì ń wà, ẹ ó nílò ti oníná. Orí ẹ́ńjìnnì Vortec pẹ̀lú ń fẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ kabúrétọ̀. Ẹ má sì fi ọdún nìkan pinnu. Ẹ rí i pé wọ́n ṣí ìdérí, kí ẹ fi ojú ara yín rí rólà.

Ìdáhùn sí tọkọtaya

Àbúrò wa, ohun tí 970 dọ́là ń rà nìyí: ó ń rà yín kúrò lọ́wọ́ ìṣẹ́jú 20 tí àṣìṣe kékeré kan lè fi ba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà jẹ́, ó sì ń rà yín kúrò lọ́wọ́ wíwá ọ́ìlì kiri. Agbára tí ó bá tẹ̀lé e, ènì ni. Bí ọkọ̀ náà yóò bá jẹ́ èyí tí ẹ ó máa wà lójoojúmọ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn tó ohun tí a ń fi owó rà, mo sì gbà pẹ̀lú ọkọ yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò jẹ̀bi. Kí ẹ tó sanwó fún àwọn ohun tí yóò mú búlọ́ọ̀kù àtijọ́ gba rólà, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gbẹ́ irin ẹ́ńjìnnì, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán, bóyá sílíńdà rẹ̀ nílò gbígbẹ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀, ẹ má náwó lé e; ẹ lọ wá búlọ́ọ̀kù onírólà, owó tí ẹ̀ bá fi gbẹ́ ti àtijọ́ yóò ti san púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù àtijọ́ bá dára, tí ó sì jẹ́ pé owó búréèkì ni ẹ ó kó sórí rólà, ẹ dúró. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọkọ̀ tí kò lè dúró kò nílò kámúṣáàfù tí ó dára jù.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá já sí pẹlẹbẹ, ẹ ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ra kámúṣáàfù àti tápẹ́ẹ̀tì tuntun pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nínú ihò rẹ̀; èyí tí kò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má tò ó. Ẹ fi gírísì dúdú kun gegele àti ìsàlẹ̀ tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ẹ̀rọ ìlu-ihò yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì yóò fi dé ojú rọ́kà. Ẹ bu epo sínú kabúrétọ̀, ẹ sẹ́ẹ̀tì iná púlọ́ọ̀gì dáadáa, ẹ bu omi kún rẹdiétọ̀, ẹ sì wo gbogbo ibi tí ó lè jò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí sípíríǹgì bá jẹ́ méjì nínú ara wọn, ẹ yọ ti inú sílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jí, ẹ gbé e sí 2,000 lójú ẹsẹ̀. Bí ohunkóhun bá jò, ẹ pa á. Ẹ má jẹ́ kí ó máa rọra mí. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, ẹ pààrọ̀ fítà, kí ẹ sì gé fítà àtijọ́ wò bóyá ẹ̀bù irin wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan ṣẹ́kù, ọkọ yín ni mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jí ẹ́ńjìnnì náà, ẹ jọ wà níbẹ̀: kí ẹnì kan wà lórí irin epo, kí ẹnì kejì máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì, iná gbígbóná àti ibi tí ó lè jò. Èmi nìkan ni mo wà nídìí tèmi lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣe pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí ó lè wo omi, ẹsẹ̀ mi kì bá tí kúrò lórí irin.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́.